API fún sáfà remote desktop: ta ni kó máa pinnu ìgbà tí àwòrán máa lọ?

Délé_C

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ library kan (àkójọ kóòdù) ní èdè C tí ẹlòmíì lè so mọ́ ètò tirẹ̀, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè máa wo ojú kọ̀ǹpútà náà, kó sì fi kíbọọ̀dù àti máòsì tirẹ̀ darí rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń lo Linux, tí kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n, ni mo ní lọ́kàn: èyí tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, èyí tó ń gbé ìkéde sójú pátákó, irú wọn bẹ́ẹ̀. RFB ni sáfà náà (ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń wò) máa sọ, ìyẹn èdè tí VNC, ọ̀nà kan láti wo kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń sọ, kí èyíkéyìí nínú àwọn VNC viewer (ètò tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wò) tó ti wà nílẹ̀ lè bá a ṣiṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: mo mọ LibVNCServer, library tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. GPL ni ìwé àṣẹ rẹ̀, àwọn tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí fún kò sì fẹ́ gbé kóòdù tiwọn síta. Ìdí tí mo fi ń kọ tuntun nìyẹn.

API tí mo ti kọ sílẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́ńṣọ̀n tí ẹlòmíì máa pè, rèé:

```
rd_server *rd_start(int w, int h, int port);
int  rd_send_frame(rd_server *s, const uint8_t *pixels);
void rd_on_key(rd_server *s, void (*cb)(char c));
void rd_on_mouse(rd_server *s, void (*cb)(int x, int y, int btn));
void rd_set_password(rd_server *s, const char *pw);
```

Mo fẹ́ kí ó rọrùn débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ C lè fi ìlà mẹ́wàá gbé sáfà dìde. Ẹ bá mi wò ó, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi.

---

Àyìnlá_Linux

Délé, o kú iṣẹ́. `rd_send_frame` gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé bí ìyẹn bá dúró, gbogbo ìyókù á tẹ̀ lé e ṣì lọ́nà.

Wo ìṣirò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 1920 ní ìbú, 1080 ní gíga, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 4: 8,294,400 báìtì nìyẹn fún àwòrán ẹyọ kan. Pe fọ́ńṣọ̀n yẹn nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 249 báìtì. Lóòótọ́, library rẹ lè fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó mọ ohun tó yí padà, àfi kó fi àwòrán tuntun wé ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ètò tó ya àwòrán náà ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé aago tó wà ní igun ọ̀tún nìkan ló kúrò ní 10:41 bọ́ sí 10:42. Ìwọ gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, o sọ ọ́ nù, o wá ń fi CPU wá a kiri.

Àwọn tó dá RFB sílẹ̀ ní Olivetti Research Laboratory ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rò ó dáadáa. Nínú RFC 6143, ìwé ìlànà RFB tó jáde ní March 2011, sáfà kì í dédé da àwòrán lu ẹnikẹ́ni. Client, ìyẹn viewer, ló ń béèrè, FramebufferUpdateRequest ni wọ́n ń pè é. Sáfà á wá dáhùn nígbà tí nǹkan bá yí padà, ibi tó yí padà nìkan ló sì máa fi ránṣẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni tó ń wò bá ń fà, kò ní lè béèrè lemọ́lemọ́, nítorí náà ìyípadà márùn-ún á kóra jọ di ẹyọ kan. Àwòrán àtijọ́ kò ní máa tò dè é lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, jẹ́ kí ẹni tó ń lo API sọ ohun kan ṣoṣo fún ọ: "ibí yìí ti yí padà". `rd_mark_dirty(s, x, y, w, h)`, ó tán. Ìgbà tó máa lọ, bó ṣe máa lọ, ẹni tó máa gbà á, iṣẹ́ library nìyẹn. LibVNCServer tí o dárúkọ náà, bó ṣe ṣe é nìyẹn: `rfbMarkRectAsModified`.

---

Bísí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Mo fara mọ́ Bùrọ̀dá Àyìnlá. Ẹ fi `rd_copy_rect` kún un. Bí ènìyàn bá ń yí ojú ìwé sókè, ètò náà mọ̀ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ló kàn gòkè. Nínú RFB, CopyRect máa sọ fún client pé kó gbé apá kan ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíì: báìtì 12 fún orí rectangle, báìtì 4 fún ibi tó ti máa gbé e. Báìtì 16 fún ohun tí ì bá jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kilobyte! Fún ẹni tó ń fi dátà fóònù wo ẹ̀rọ rẹ̀, owó nìyẹn. Library kò sì lè fúnra rẹ̀ mọ̀ bí ètò náà kò bá sọ fún un.

---

Tọ́pẹ́_Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i, torí pé bíbéèrè yẹn ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá máa gba ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá láti lọ kó sì bọ̀ láàárín client àti sáfà, tí client sì dúró gba èsì kó tó béèrè òmíràn, ìgbà márùn-ún péré ni àwòrán lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kódà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bá fẹ̀ bí òkun. Ohun tó mú kí àwọn TigerVNC, tí wọ́n ń ṣe ètò VNC kan, fi ContinuousUpdates àti Fence kún RFB nìyẹn. Sáfà á máa fi ránṣẹ́ láìdúró de ìbéèrè, Fence á sì jẹ́ kó mọ ibi tí client bá a dé.

Guacamole, ètò tó ń jẹ́ kí ènìyàn wo kọ̀ǹpútà òkèèrè nínú browser, gba ọ̀nà míì. Bí wọ́n bá parí àwòrán kan, sáfà á fi `sync` ránṣẹ́ pẹ̀lú àkókò tó wà nínú rẹ̀. Bí client bá yà á tán, á dá àkókò yẹn gan-an padà. Bẹ́ẹ̀ ni guacd, ètò ẹ̀yìn Guacamole, ṣe ń mọ ẹni tó ti ń rẹ̀yìn.

Ibi tí mò ń lọ ni pé Délé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbéèrè yẹn hàn nínú API rárá. Bó bá ṣe callback (fọ́ńṣọ̀n ètò tí library máa pè padà) tó ń jẹ́ `on_update_request` lónìí, ContinuousUpdates á sọ ọ́ di òkú kóòdù lọ́la. `rd_mark_dirty` kò bìkítà nípa ẹni tó béèrè.

---

Délé_C

Mo dúpẹ́ gan-an ni. `rd_send_frame` ti lọ, `rd_copy_rect` ti wọlé.

Ìbéèrè tó kàn: níbo ni píksẹ́lì náà máa wà? Bí ètò bá ń yàwòrán sínú mẹ́mọ́rì lọ́wọ́, tí library sì ń kà á lọ́wọ́ láti fún un pọ̀, ẹni tó ń wò á rí ìlàjì àwòrán tuntun lórí ìlàjì ti àtijọ́. Mo ń rò ó pé kí library ní thread tirẹ̀ (ipa iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ètò), kó sì máa ṣe kọ́pì.

---

Àyìnlá_Linux

Má ṣe dá thread sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nínú ètò olóko. Ẹni tó ń lo library rẹ lè ti ní event loop tirẹ̀, ìyẹn ìyípo tó ń dúró de iṣẹ́, GTK ni o, Qt ni o, `epoll` tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni o. Bí callback kíbọọ̀dù rẹ bá ṣàdédé jáde láti inú thread tí kò mọ̀, tó sì fọwọ́ kan ojú fèrèsé GTK, ètò á kú, kò sì ní kú lójoojúmọ́. Èyí tí kì í kú lójoojúmọ́ yẹn ló ń dààmú ènìyàn jù.

Ṣe bí Wayland, ìlànà tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà lórí Linux, ṣe ṣe é. Nínú libwayland, `wl_event_loop_get_fd` máa fún ọ ní file descriptor kan, nọ́ńbà tí loop rẹ lè fi ṣọ́ bóyá iṣẹ́ wà. Ìwọ á fi í sínú loop tìrẹ, bó bá ní iṣẹ́, ìwọ á pe `wl_event_loop_dispatch`. Gbogbo callback á wáyé nínú ìpè yẹn, lórí thread tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Ẹni tó bá fẹ́ thread lè dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti mẹ́mọ́rì, jẹ́ kí library ni ín, kí ètò sì máa tọrọ rẹ̀: `rd_begin_draw` á fún un ní àdírẹ́sì àti stride (gígùn ìlà píksẹ́lì kan ní báìtì), `rd_end_draw` á gba àwọn ibi tó yí padà. Library kò ní ka nǹkan kan láàárín méjèèjì. Stride ṣe pàtàkì o. Ìlà píksẹ́lì kan lè gùn ju w × 4 lọ nítorí bí mẹ́mọ́rì ṣe tò. Ẹni tí o kò bá fún ní stride á fojú bù ú, àwòrán rẹ̀ á sì dà gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

---

Bísí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Bùrọ̀dá, ní tèmi ó ti ń wúwo jù. Délé ní ìlà mẹ́wàá. Begin, end, fd, dispatch, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ C á sá. Ẹ ṣe `rd_run(s)` kan tó máa ṣe loop náà fún ẹni tí kò ní loop tirẹ̀.

---

Àyìnlá_Linux

Ìyẹn dára, bí `rd_run` bá jẹ́ `poll` àti `rd_dispatch` nìkan, tí kò ní agbára kankan tí àwọn tó kù kò ní. LibVNCServer náà ní méjèèjì: `rfbRunEventLoop` fún ẹni tó fẹ́ fà á lé e lọ́wọ́, `rfbProcessEvents` fún ẹni tó ní loop tirẹ̀.

---

Adùkẹ́_Fọ́ńtì

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tó gbé mi wọlé ni `void (*cb)(char c)` yẹn. Àbúrò mi Délé, báwo ni sáfà tí ọmọ Yorùbá kọ kò ṣe ní lè gba lẹ́tà ẹ?

Ẹ wò ó. KeyEvent nínú RFB kì í gbé char, keysym ti X Window System ló ń gbé, nọ́ńbà báìtì 4 tó dúró fún lẹ́tà tàbí bọ́tìnnì, pẹ̀lú àmì pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà ẹ jẹ́ U+1EB9 nínú Unicode, keysym rẹ̀ sì jẹ́ 0x01001EB9. Char kan nínú C kò lè gbà á láéláé. Ẹ́ tó ní àmì lórí tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ẹ ni, kí U+0301 tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé keysym méjì ló máa wá. Callback tó bá rò pé ìtẹ̀ kan ni lẹ́tà kan á jẹ àmì ohùn mọ́ wa lẹ́nu.

Clipboard, ibi tí ohun tí a kọ́pì ń dúró sí, tún burú jù bẹ́ẹ̀. RFC 6143 sọ pé Latin-1, àkójọ lẹ́tà kékeré kan, nìkan ni ClientCutText àti ServerCutText lè gbé. Latin-1 ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì ní ń tàbí ǹ. Bí o bá kọ́pì "Adé" láti ibí lọ sí ọ̀hún, ó dé láìsí ìṣòro, o sì rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Kọ́pì "Ọ̀ṣun" wò. Àmì ìbéèrè tàbí àlàfo ni wàá bá níbi tí lẹ́tà wà. Mo ti rí i nínú orúkọ àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ́pì láti ojú kọ̀ǹpútà kan sínú fọ́ọ̀mù lórí òmíràn, orúkọ tí wọ́n á sì fi tẹ ìwé ẹ̀rí síta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré lójú mi.

Extended Clipboard ti wà báyìí, UTF-8 ló ń gbé, tó lè kọ gbogbo lẹ́tà Unicode. TigerVNC àti noVNC mọ̀ ọ́n. Délé, jọ̀ọ́, jẹ́ kí API rẹ gba UTF-8 nìkan, láti ọjọ́ kìíní. Bí client bá jẹ́ ti àtijọ́ tí Latin-1 nìkan ló mọ̀, library ni kó ṣe ìyípadà, kó sì sọ fún ètò pé nǹkan já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kó má ṣe dákẹ́.

---

Tọ́pẹ́_Leeds

Àǹtí Adùkẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti clipboard: nínú Extended Clipboard, ẹni tó kọ́pì kò ní láti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lè kàn kéde pé òun ní nǹkan. Bí ẹni kejì bá fẹ́ ẹ ló tó béèrè. Nítorí náà `rd_clipboard_offer` ni kó jẹ́, pẹ̀lú callback `on_clip_request`, kì í ṣe `rd_set_clipboard`. Ẹni tó kọ́pì pásíwọọ̀dù rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan kò fẹ́ kó fò lọ sórí ìkejì kó tó mọ̀.

Ní ti kíbọọ̀dù, keysym nìkan kò tó fún gbogbo iṣẹ́. QEMU, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà àfarawé dìde nínú kọ̀ǹpútà, ní àfikún kan tó ń gbé scancode pẹ̀lú keysym, torí pé ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ̀rọ fẹ́ mọ bọ́tìnnì tí ìka kàn, kì í ṣe lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. Kíbọọ̀dù ojú fóònù kò sì ní scancode rárá. Fi méjèèjì sínú struct kan, kí scancode jẹ́ 0 bí kò bá sí, kí struct náà sì ní `size` níwájú, kí ẹ lè fi nǹkan kún un lọ́jọ́ iwájú láìba ti àwọn tó ti kọ́ ètò wọn jẹ́.

---

Bísí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Délé, bọ́tìnnì tó há náà ńkọ́? Mo di Alt mú, mo tẹ Tab láti lọ sí fèrèsé míì lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Viewer rán "Alt ti wọlẹ̀" lọ, ṣùgbọ́n ó ti pàdánù ojú fèrèsé kó tó lè rán "Alt ti gòkè". Sáfà ṣì rò pé ìka mi wà lórí Alt. Lẹ́tà F tí mo bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn á ṣí ménù File. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí Ctrl wà nílẹ̀, bákan náà ni. Library ni kó máa rántí ohun tí client kọ̀ọ̀kan dì mú, kó sì jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí client náà bá lọ. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo API, kò ní rántí.

---

Ìyá_Fẹ́mi_Ààbò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kan `rd_set_password` àti `port` yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ yìí wà.

VNC Authentication tó wà nínú RFC 6143: sáfà á rán báìtì 16, client á fi pásíwọọ̀dù ṣe kọ́kọ́rọ́ DES láti fi pa á lójú dà, á dá a padà. Lẹ́tà 8 péré ló ń lò nínú pásíwọọ̀dù. Ẹni tó bá kọ gbólóhùn gígùn kan síbẹ̀, lẹ́tà 8 àkọ́kọ́ nìkan ló ń ṣọ́ ilé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Lẹ́yìn ìwọlé náà, gbogbo ohun tó kù ń lọ ní gbangba lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí kan bọ́tìnnì tí ó ń tẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni.

Ẹ tún jẹ́ ká rántí CVE-2006-2369, àlébù tí wọ́n rí nínú RealVNC 4.1.1 ní May 2006. Sáfà máa ka àwọn ọ̀nà ìwọlé tó gbà sílẹ̀, client á yan ọ̀kan. Client kan yan 1, tó jẹ́ pé kò sí pásíwọọ̀dù rárá, nígbà tí 1 kò sí nínú ohun tí sáfà kà sílẹ̀. Sáfà kò padà wo àkójọ tirẹ̀. Ó ní kó wọlé. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ti fi pásíwọọ̀dù sí i bó ṣe yẹ o! Kò sí ohun tó lè ṣe lọ́wọ́ tirẹ̀.

LibVNCServer náà ní CVE-2018-7225: kò yẹ gígùn tí client bá kọ sínú ClientCutText wò. Báìtì 4 ni gígùn yẹn, ó lè sọ pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gigabyte 4. Délé, ààlà gbọ́dọ̀ wà nínú `rd_config`, struct tí wàá fi gba ìṣètò, kí ààlà náà sì kéré bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan wà ní ààbò. Pín ìbẹ̀rẹ̀ sí méjì. `rd_listen_local` á jókòó sí 127.0.0.1, àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, nìkan. `rd_listen_tls` á gba àdírẹ́sì, kò sì ní ṣiṣẹ́ láìsí ìwé ẹ̀rí TLS, ìlànà tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Má fi ẹ̀kẹta kún un.

---

Bísí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Mà, ẹni tó wà nínú ilé, tó kàn fẹ́ wo ẹ̀rọ inú yàrá kejì ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí TLS á sú u.

---

Ìyá_Fẹ́mi_Ààbò

Kó lo SSH, tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ní ìkọ̀kọ̀, ọmọ mi. `ssh -L 5901:localhost:5900` pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ náà, kó wá dojú viewer kọ port 5901 lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìlà kan ni.

Ohun tó kù: ìwọlé nìkan kọ́ ni àṣẹ. Ẹni tó wọlé wá wòran kò gbọdọ̀ lè tẹ bọ́tìnnì. Ẹ wo RemoteDesktop nínú xdg-desktop-portal, èyí tí wọ́n ń lò lórí Wayland: CreateSession, lẹ́yìn náà SelectDevices, lẹ́yìn náà Start. Níbi Start ni wọ́n ti máa bi ẹni tó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà bóyá ó gbà. Ètò béèrè kíbọọ̀dù, ó béèrè máòsì, ẹni náà lè fún un ní ọ̀kan kó má fún un ní èkejì. Ní callback `on_client`, tí library máa pè bí client bá fẹ́ wọlé, kó sì ṣe irú rẹ̀. Kó dá àwọn àṣẹ tó fún client náà padà, kí 0 jẹ́ "rárá", kí library sì sọ bọ́tìnnì nù fúnra rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ètò bí kò bá sí àṣẹ kíbọọ̀dù.

---

Délé_C

Ẹ ṣeun mà. Mo ti tún gbogbo rẹ̀ kọ:

```
rd_server *rd_create(const rd_config *cfg);
int  rd_listen_local(rd_server *s, int port);
int  rd_listen_tls(rd_server *s, const char *addr, int port,
                   const rd_tls *tls);

int  rd_get_fd(rd_server *s);
int  rd_dispatch(rd_server *s);
int  rd_run(rd_server *s);

uint8_t *rd_begin_draw(rd_server *s, int *stride);
void rd_end_draw(rd_server *s, const rd_rect *dirty, int n);
int  rd_copy_rect(rd_server *s, rd_rect src, int dx, int dy);
int  rd_resize(rd_server *s, int w, int h);
int  rd_clipboard_offer(rd_server *s);
```

`on_client`, `on_key`, `on_pointer` àti `on_clip_request` wà nínú `rd_config`. Bí `on_client` bá jẹ́ NULL, kò sẹ́ni tó lè wọlé. `rd_mark_dirty` ti wọ inú `rd_end_draw`, torí pé kò sí ìgbà tí ènìyàn á fẹ́ ọ̀kan láìfẹ́ èkejì.

Mo fẹ́ fi `rd_send_custom` kún un, kí ètò lè rán nǹkan tirẹ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà, bí àwọn virtual channel ti RDP, èdè remote desktop ti Windows.

---

Ìyá_Fẹ́mi_Ààbò

Fi í sílẹ̀ fún ìgbà míì, jọ̀ọ́. BlueKeep, CVE-2019-0708, tó mì ayé ní May 2019, ibẹ̀ gan-an ló ti wọlé. Windows ní channel kan tó jẹ́ ti inú ilé, MS_T120. Client kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ channel ni client fi ń béèrè, kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti dárúkọ yẹn. Láti ibẹ̀ ni sáfà ti ń lo mẹ́mọ́rì tó ti jọ̀wọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó wà níta tó fi pásíwọọ̀dù kankan sí i. Bó o bá máa ṣe é rárá, kí orúkọ tí library ń lò fún ara rẹ̀ má sí níbi tí client lè pè é.

---

Tọ́pẹ́_Leeds

Mo fara mọ́ Ìyá Fẹ́mi. Ìbéèrè kan lórí `rd_resize`: client tí kò bá sọ pé òun mọ DesktopSize (àfikún RFB tó ń sọ ìwọ̀n tuntun) kò ní mọ̀ pé ojú kọ̀ǹpútà ti tóbi sí i tàbí kéré sí i. Kí lo máa ṣe fún un? Bí ètò bá sì pe `rd_resize` láàárín begin àti end, àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di òfo.

---

Délé_C

Client tí kò mọ̀ ọ́n, library á máa bá a lọ ní ìwọ̀n tó bá wọlé: bí ojú bá tóbi sí i, yóò gé e, bí ó bá kéré sí i, dúdú ni yóò fi kún ibi tó ṣófo. Ètò kò ní mọ̀ rárá, `on_pointer` kò sì ní gba ibi tó jẹ́ dúdú wọlé.

Bí ó bá pe `rd_resize` kó tó pe `rd_end_draw`, `RD_EBUSY` ni yóò gbà, nǹkan kan ò sì ní yí padà. Ìdí nìyẹn tí `rd_begin_draw` fi ń fúnni ní àdírẹ́sì tuntun nígbà gbogbo tí a bá pè é. Mo ti kọ ọ́ sórí header pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú èyí tó gbà tẹ́lẹ̀. Àǹtí Adùkẹ́, "Ọ̀ṣun" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àwọn ìdánwò clipboard.